Nígbà Tí Ológbò Bá Ń Lá Ara Rẹ̀ Di Pípá

Orí òwú ni mo fi dá a mọ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Àpáta, nílùú Ìbàdàn, ó ti lé ní ọdún 26, ojú mi sì ti mọ ìyàtọ̀ òwú tó já fúnra rẹ̀ àti òwú tí sísọ́ọ̀sì gé. Èyí tó já, á máa tín-ín-rín lọ títí dé ṣóńṣó. Èyí tí wọ́n gé, orí rẹ̀ á dà bíi kùkùté. Lọ́jọ́ tí mo gbé Sìsí, ológbò mi, kalẹ̀ lórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, tí mo fi iná fóònù tàn án lábẹ́ ikùn, kùkùté ni gbogbo irun tó kù níbẹ̀. Irun yẹn ò re. Gígé ni wọ́n gé e, ahọ́n Sìsí gan-an sì ni sísọ́ọ̀sì.

Ẹni tí ológbò rẹ̀ ń lá ojú kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ni mo kọ èyí fún. Èmi kì í ṣe dókítà ẹranko o. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí dókítà tó tọ́jú Sìsí kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ, títí kan àwọn ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

2019 ni Sìsí dé ọ̀dọ̀ mi. Eku ló fà á. Wọ́n dá ihò sí léèsì oníbàárà kan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, mo san owó léèsì náà láìjanpata, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì mo lọ gba ọmọ ológbò kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta àgbàdo ládùúgbò wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun bí ẹni wọ sọ́ọ̀kì. Láti ìgbà náà, eku tó bá fẹ́ jẹ léèsì ń wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù?

Ológbò tí ara rẹ̀ yá gágá náà ń lá ara rẹ̀. Bó bá jẹun tán, á lá ara. Bó bá jí lójú oorun, á lá ara. Kódà, bó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé tó já bọ́ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, á jókòó jẹ́ẹ́, á máa lá èjìká bí ẹni pé ohun tó fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta àsìkò tí kò fi sùn ṣe é, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgún wẹ́wẹ́ tó kọjú sẹ́yìn ló kún ahọ́n rẹ̀, ohun tí èékánná fi le náà ló wà lára wọn. Ẹni tí ológbò ti lá lọ́wọ́ rí mọ̀ pé bíi sáńpépà ló ń ṣe. Ẹ wáá ro ó wò, kí èèyàn máa fi sáńpépà nu ojú kan náà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀.

Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni kó máa fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí àtilá ara, kó máa ta jí lójú oorun kó tún bẹ̀rẹ̀, tàbí kí irun ibì kan máa kúrú títí awọ fi hàn. Abẹ́ ikùn, inú itan àti ẹ̀gbẹ́ ló wọ́pọ̀ jù, nítorí ahọ́n ń dé ibẹ̀ láìsí wàhálà. Ahọ́n kò lè dé orí àti ẹ̀yìn ọrùn. Bí ibẹ̀ bá pá, ẹsẹ̀ ló fi ń họ ọ́, tàbí kí ó jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Ẹ tún máa wo èébì àti ìgbẹ́ rẹ̀. Irun tó bá gbé mì gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde. Sìsí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló máa ń bi irun, ó di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, èébì náà á dì mọ́ra gbọọrọ bí ìka ọmọdé.

Ẹ má sì sọ pé, “Mi ò kúkú rí i kó lá ara.” Ológbò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan ní kọ̀rọ̀. Mo ti jágbe mọ́ Sìsí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rò pé ó ti gbọ́ràn, àfi lọ́jọ́ tí mo da àpò àgékù aṣọ rú nídìí máṣíìnì. Inú ibẹ̀ tutù, irun funfun lẹ̀ mọ́ àǹkárá káàkiri. Ibẹ̀ ni oko tó ń lọ. Ẹ má jágbe mọ́ ọn o, ẹ má sì nà án. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó ń mú wá ni pé ẹ ò ní mọ ibi tó ti ń ṣe é mọ́.

Ẹ fi ìka gba ibi tó pá náà lòdì sí bí irun ṣe ń hù. Bó bá ń gún yín lọ́wọ́ bí irùngbọ̀n ọkùnrin tó fárùngbọ̀n lánàá, ahọ́n ló ń gé e. Ẹ rọra fa irun tó wà létí ibẹ̀. Bí kò bá tu, ahọ́n náà ni. Ṣùgbọ́n bó bá ń tu wọ̀ọ̀ lọ́wọ́ yín, tí ojú ibẹ̀ rí rógódó, tí ìpẹ́ funfun sì wà lára rẹ̀, ẹ fura sí làpálàpá. Làpálàpá ológbò ń ran èèyàn, ọmọdé ló sì tètè ń kó o. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ má jẹ́ kó bá yín gun bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Nǹkan kan tún wà tó ràn mí lọ́wọ́, àṣà iṣẹ́ mi ló mú un wá. Mo fa tépù yọ, mo wọn ibi tó pá, mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Ní February 2023, ó wà níbẹ̀ láàárín gáàǹ obìnrin kan àti ṣòkótò ọkọ rẹ̀: “Sìsí, ikùn, íńṣì 4 àbọ̀ ní òró, 3 ní ìbú.” Ojú ń tan èèyàn jẹ. Lónìí ẹ ó ní ó ń sàn, lọ́la ẹ ó ní ó ń burú sí i. Tépù kì í parọ́.

Ọkàn kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fà á tì

November 2022 ni Tọ́pẹ́, ọmọ mi obìnrin, wọlé sí yunifásítì ní Ìlọrin. Òun ni Sìsí máa ń bá sùn. Nígbà tó di December tí lílá yìí bẹ̀rẹ̀, mo ti ní ìdáhùn lẹ́nu: “Àárò Tọ́pẹ́ ló ń sọ ọ́.” Mo máa ń pe ọmọ náà lálẹ́, màá gbé fóònù sétí ológbò, Tọ́pẹ́ á máa kì í lókè lọ́hùn-ún. Ológbò á gbọ́ tán, á tún bẹ ikùn rẹ̀ wò.

Alámùúlégbé mi tó ń ta èlùbọ́ ní tirẹ̀ sọ pé ayé ló wà nídìí rẹ̀. “Ìyá Tọ́pẹ́, ológbò tí ikùn rẹ̀ pá kanlẹ̀, ẹ ṣì ń bá a gbélé?” Ó ní kí n lé e lọ kó tó di ti ilé. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ àwa àti ológbò ṣe rí. Bí ẹran yìí bá húkọ́ lásán, wọn á ní àjẹ́ ló ń húkọ́. Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà rò ó, ọ̀nà kan náà ni èmi àti òun jọ ń tọ̀. Òun ní ayé, èmi ní àárò. Kò sí èyí tó tú irun ẹran náà wo awọ nínú àwa méjèèjì.

Oṣù méjì ni mo fi ṣòfò báyẹn. Nígbà tí mo ro ẹjọ́ àárò fún dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó níwà tútù, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mọ́mì, ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn.” Ó wá sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, lórí ológbò 21 tí wọ́n ti rò pé ìdààmú ọkàn ló ń mú wọn lá ara di pípá. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní. Àìsàn ara ló ń ṣe 16 nínú wọn. Àwọn 3, àìsàn ara pẹ̀lú ìdààmú ọkàn. 2 péré ló jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn nìkan. Oúnjẹ tí ara wọn kọ̀ sì wà lára ohun tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí dùn mí, nítorí oṣù méjì yẹn, ara ni ó ń yún ẹran yìí, èmi ń gbé fóònù sí i létí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ eégbọn

Kì í ṣe eégbọn tó ń wú lára ajá bíi hóró ẹ̀wà ni mò ń wí. Èyí tí ń fò ni, ó pẹlẹbẹ, ó pupa rúsúrúsú, kò ju orí píìnì lọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ẹyọ kan, nítorí ológbò tó ń lá ara ń lá eégbọn mì pẹ̀lú irun. Ológbò tí ara rẹ̀ bá sì kọ itọ́ eégbọn, ẹyọ kan tó bù ú jẹ lè dá ìyún sí i lára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà, ìgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá.

Ẹ ra òòyà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń yọ iná orí. Ẹ fi omi rin tíṣù funfun, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ ya irun ìdí ìrù, ẹ ya ẹ̀yìn, ẹ ya abẹ́ ọrùn, kí ẹ gbọn òòyà náà sórí tíṣù. Bí nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ bí ata gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ bá jábọ́, ẹ dúró díẹ̀. Ìdọ̀tí ilẹ̀ á dúdú bẹ́ẹ̀ náà. Ìgbẹ́ eégbọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, àwọ̀ pupa bí ìpẹtà á máa ràn yí i ká, nítorí ẹ̀jẹ̀ ológbò yín ni eégbọn náà mu tó sì yà. Lórí tíṣù ti Sìsí, mẹ́ta péré ló jábọ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń yọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé sì bọ́ lójú mi.

Níbo ló ti kó o? Àwọn ewúrẹ́ aládùúgbò kan máa ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án, Sìsí náà sì máa ń yáàrùn níbẹ̀. Eégbọn ológbò kì í ṣe ti ológbò nìkan, ó ń gun ajá, ó ń gun ewúrẹ́. Mo to bẹ́ǹṣì dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Baba tó ni ewúrẹ́ bá mi jà, a sì ti parí ìyẹn.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ fi sí i lára

Ojú ń tì mí láti sọ èyí. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá, mo kọ́kọ́ lọ ra oògùn eégbọn ajá lọ́jà. Ẹni tó tà á fún mi ní ẹran ni ẹran ń jẹ́. Mo kán an sí Sìsí léjìká lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kó tó di aago mẹ́fà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, etí rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ́pẹ́, nígbà tó yá, gbogbo ara bẹ̀rẹ̀ sí í jà á. Mo wé e sínú aṣọ ìnuwọ́, mo wọ kẹ̀kẹ́, èmi àti onímọ́tò tó wà níwájú wa jọ ń pariwo sí ara wa títí a fi dé ilé ìwòsàn ẹranko. Wọ́n fi ọṣẹ ìfọwo olómi àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ oògùn náà kúrò, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó dá gbígbọ̀n náà dúró, wọ́n sì dá a dúró sọ́dọ̀ wọn di ọjọ́ kejì. Bí mo ṣe mọ dókítà nìyẹn.

Permethrin ló wà nínú oògùn náà. Ara ajá ń gbà á, ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè fọ́ ọ. Ẹ wo ara páálí oògùn kí ẹ tó kán an. Bí ẹ bá rí permethrin, ẹ dá a padà. Ẹ̀dọ̀ kan náà yìí ni kò jẹ́ kí ológbò lè gba parasitamọ́ọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo lè pa á. Ìzáàlì àti Dettol tí a ń dà sómi láti fi pa kòkòrò, májèlé ni fún un. Ẹ má dárúkọ ọ̀tápíápíá rárá, tàbí karosíìnì, tàbí ọ́ìlì mọ́tò jíjó tí àwọn kan fi ń pa ajá tó ní kúrúnà. Àwọn kan á ní, “Ara ni mo fi pa, mi ò fún un mu.” Ẹran tó ń lá ara rẹ̀ ni à ń sọ o! Ohunkóhun tí ẹ bá fi pa á lára, inú rẹ̀ ló ń lọ.

Oògùn tí dókítà fún mi, tí ológbò ni, ó sì wọn ìwúwo Sìsí kó tó yàn án. Ẹ̀yìn ọrùn, lábẹ́ agbárí, ni wọ́n ń kán an sí, níbi tí ahọ́n ò lè dé. Ẹ ya irun títí awọ fi hàn kí ẹ tó kán an. Selamectin ni orúkọ tèmi, fipronil tí wọ́n ṣe fún ológbò náà wà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta, gbogbo ajá àti ológbò tó wà nínú ilé ló sì gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù mẹ́ta? Nítorí eégbọn tó wà lára ológbò kéré sí èyí tó wà nínú ilé. Ẹyin wọn ń yọ̀ bọ́ lára ẹran bí iyọ̀, ó ń wọ abẹ́ tìmùtìmù, ó ń wọ ẹní, ó ń wọ ojú ibi tí sìmẹ́ńtì ti sán. Ẹyin náà á pa síbẹ̀, ọmọ á hun òwú bo ara, á máa dúró de ẹsẹ̀ tó ń kọjá. Oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n nígbà tí wọ́n wà nínú òwú yẹn. Nítorí náà ẹ fi omi gbígbóná fọ ohun tó ń sùn lé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sá a sóòrùn, ẹ gbá abẹ́ àga, kí ẹ sì da pàǹtí náà nù jìnnà sílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èmi kó àpò àgékù aṣọ mẹ́rin jáde lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá tún rí eégbọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má sọ pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Àwọn tó ti wà nínú òwú ló ń pa.

Lọ́dọ̀ dókítà

Bí ẹ bá fẹ́ kí owó yín wúlò, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ lọ pẹ̀lú ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń jẹ títí dórí egungun tí ọmọ ń jù fún un, àti fídíò kékeré kan níbi tó ti ń lá ara. Dókítà á ha awọ rẹ̀ díẹ̀ láti wá kòkòrò kúrúnà, á fi òòyà yà á, á fa irun díẹ̀ wò lábẹ́ awò tí ń sọ kékeré di ńlá. Nígbà tó ní kí n yọjú wò ó, kùkùté mi ni mo tún rí, ó tóbi bí òpó iná. Ó tan iná àlùkò kan sí i nínú òkùnkùn nítorí làpálàpá; irú làpálàpá kan máa ń tàn ní àwọ̀ ewé bí èso ápù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí náà bí kò bá tàn, ọ̀rọ̀ ò tíì parí.

Ẹni tí ológbò rẹ̀ ń lá ìsàlẹ̀ ikùn nìkan, tó tún ń lọ ibi ìtọ̀ ní gbogbo ìgbà, kó ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ibi tó ń dùn ún ni ológbò ń lá. Bó bá sì jẹ́ akọ, tó ń tiraka tí ìtọ̀ ò jáde, ẹ má dúró di ọ̀la. Ikú rẹ̀ kì í pẹ́. Ológbò tó ti dàgbà náà lè máa lá oríkèé tó ń ro ó. Ní Ìbàdàn ńbí, ilé ìwòsàn ẹranko yunifásítì wà. Abẹ́òkúta náà ní ti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀wù Sìsí

Wọ́n fún mi ní kọ́là ńlá tó rí bí àrọ, èyí tí wọ́n ń fi sí wọn lọ́rùn kí ẹnu má dé ara. Sìsí fi gbá gbogbo ẹsẹ̀ tábìlì inú ilé, kò sì jẹun. Mo bá gé síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan. Ọrùn íńṣì 9, àyà 13, ẹ̀yìn 11. Ihò ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ìrù kó lè tọ̀ kó sì yàgbẹ́, mo sì so ó pọ̀ ní ẹ̀yìn pẹ̀lú okùn aṣọ náà. Mi ò fi bọ́tìnnì sí i, nítorí ó lè já a jẹ. Mi ò fi rọ́bà sí i, nítorí rọ́bà á fún un. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè kọjá níbi ọrùn. Bí ẹ ò mọ aṣọ rán, aṣọ ọmọ jòjòló lè ṣe é, kí ẹ sáà gé ibi ìrù.

Nígbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ òwú: ẹ má fi òwú bá ológbò ṣeré o. Tó bá gbé e mì, ìfun á kákò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí òwú tó yọ lẹ́nu tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má fà á, ẹ gbé e lọ. Èmi tí mo jẹ́ télọ̀, àpótí onídèérí ni gbogbo òwú àti abẹ́rẹ́ mi ń gbé báyìí.

Ẹ̀wù kì í ṣe oògùn. Ó kàn ń fún awọ láyè kó sàn ni. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ fún un tí ẹ ò wá ohun tó ń yún un, lọ́jọ́ tí ẹ bá bọ́ ọ, á bẹ̀rẹ̀ ibi tó ti dúró.

Ẹja

Ní May 2023, lẹ́yìn oògùn oṣù mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ àti itan Sìsí ti bò. Ikùn kù. Tépù ní íńṣì 2 àbọ̀ ní òró, 2 ní ìbú. Mo fi òòyà yà á títí, kò sí nǹkan kan lórí tíṣù. Dókítà bi mí pé kí ló ń jẹ. Mo ní ẹja ni, kí ni ológbò tún ń jẹ? Orí pánlá, títọ́ọ̀sì, edé tó bá ṣẹ́ kù nínú ọbẹ̀, gààrí díẹ̀ tí mo bá fi omi ẹja pò. Ó ní kí a yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ wá ẹran kan tí kò jẹ rí láyé rẹ̀. Ti Sìsí, ehoro ni. Ẹ sè é láìfi iyọ̀, láìfi magí, láìfi àlùbọ́sà, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Òun nìkan ni yóò jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, pẹ̀lú omi. Ehoro wọ́n, n ò ní purọ́ fún yín, mo sì ra á fún ológbò kí n tó ra á fún ara mi. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni àwọn èèyàn. Ọmọ-iṣẹ́ mi kan ń ju edé fún un lábẹ́ tábìlì lọ́sẹ̀ kejì, a sì ní láti bẹ̀rẹ̀ kíkà ọ̀sẹ̀ lákọ̀tun. Ológbò tó ń jáde kiri pàápàá, ẹ tì í mọ́lé fún àkókò yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí ààtàn kan ni yóò ti ba iṣẹ́ yín jẹ́. Bó bá kọ oúnjẹ tuntun náà fún odidi ọjọ́ kan, ẹ pe dókítà. Ebi ọlọ́jọ́ púpọ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ ológbò jẹ́.

Nígbà tó fi máa di ìparí August, ibi tó pá kù bíi owó ẹyọ kan. A wá dán an wò. Mo fún un ní orí pánlá kan, ó jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ ìró ahọ́n náà lóru, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, bí ẹni ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ kọ́là. Mo tanná, ikùn ló ń lá. Mo yọ ẹja kúrò, ó dáwọ́ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Adìẹ ò ṣe é ní nǹkan kan, ẹyin sísè náà ò ṣe é. Adìẹ àti oúnjẹ ológbò inú àpò tí kò lẹ́ja nínú ló ń jẹ báyìí. Oúnjẹ inú àpò yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní taurine; bí kò bá rí i jẹ tó, ojú àti ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́, ẹran tí a kàn sè nílé kì í sì fìgbà gbogbo ní in tó.

Ológbò tí ara rẹ̀ kọ ẹja! Mo sọ ọ́ fún alámùúlégbé mi, ó ní òun ti sọ fún mi pé ológbò yìí kì í ṣe ojú lásán.

Bó bá wá jẹ́ ọkàn lóòótọ́

Ó ń ṣẹlẹ̀. Ológbò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abẹ́òkúta lá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di pípá, wọ́n yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, kò sí eégbọn, kò sí làpálàpá, oúnjẹ kọ́. Ní oṣù tó bẹ̀rẹ̀ yẹn ni wọ́n mú ọmọ ajá wọlé, tí wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé tó máa ń sùn sí. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ náà kúrò, wọ́n to páálí sórí kọ́bọ́ọ̀dù fún un níbi tí ajá ò lè dé, wọ́n gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ jìnnà sí ti ajá, wọ́n sì ń fi ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n so mọ́ igi bá a ṣeré lówùúrọ̀ àti lálẹ́, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tún ń fi oúnjẹ rẹ̀ há inú ihò kéréètì ẹyin kó máa fọwọ́ wá a. Ó sàn dé ààyè kan. Dókítà ló wá fi oògùn tì í lẹ́yìn fún oṣù bíi mélòó kan. Oògùn ọkàn tí wọ́n kọ fún èèyàn, ẹ má bù ú fún ológbò láti ilé. Dókítà ló mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Irun máa ń pẹ́ kó tó hù. Ti Sìsí bẹ̀rẹ̀ bí ìdọ̀tí eruku lójú awọ, lẹ́yìn oṣù kan ó dà bíi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ó sì tó oṣù mẹ́ta kó tó gùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Tọ́pẹ́ dé fún ọlidé ní December 2023, ó gbé e dojú sókè, ó ń wá ibi tó pá tí kò rí i. Mo ṣí ìwé ìwọ̀n mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: “Sìsí, ikùn, kò sí ohun tí mo lè wọ̀n.” Lábẹ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n bùbá aṣọ ọdún ìyá kan bẹ̀rẹ̀, apá íńṣì 21, àyà 46.